Táyà tó ń ha ara ọkọ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo pààrọ̀ rímù 15 tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi sí 17. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé 195/65R15 ni táyà rẹ̀. 225/55R17 ni mo rà. Láti ìgbà náà, bí mo bá yí ìdarí dé òpin, tàbí tí mo bọ́ sí kòtò lọ́nà Ọ̀fà sí Ìlọrin, táyà iwájú a máa ha ara ọkọ̀. Fọkanáísà mi ní kí n dín gééjì rẹ̀ kù sí 20 kí táyà lè súnkì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é rárá. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ fọkanáísà ní Ìlọrin ni mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí, ó sì ń bí mi nínú, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Wáyà irin wà lábẹ́ ojú táyà, kò sì jẹ́ kí ó súnkì. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ibi tó kan ilẹ̀ nìkan ni yóò tẹ̀. Bí ó sì ti ń tẹ̀, rímù àti ọkọ̀ tó gbé karí rẹ̀ yóò jọ sọ̀kalẹ̀, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín orí táyà àti fẹ́ńdà, níbi tó ti ń ha gan-an, kò ní yí padà. Ohun tí yóò yí padà ni ẹ̀gbẹ́ táyà, tí yóò máa ká tí yóò sì máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títí yóò fi gbóná débi tí ó lè bẹ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lórí eré.

Rímù 17 kọ́ ló ṣẹ̀ yín, táyà tí ẹ fi sí i ni. Fífẹ̀ táyà ni 195, ní mìlímítà. 65 sì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Táyà àtijọ́ yín ga tó nǹkan bí 634 mm láti òkè dé ilẹ̀, tuntun tó 679. Ó tún fi 30 mm fẹ̀ jù ú lọ. Àní aago tó ń ka eré ń parọ́ fún yín: bó bá fi 100 hàn, nǹkan bí 107 lẹ ń sá.

205/50R17 ni kí ẹ wá, nítorí nǹkan bí 637 mm ni gíga tirẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e pẹ̀lú, kí ó má kéré sí ti àtijọ́. Òun ló ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí táyà lè gbé: 91, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kg. Bó bá ṣì ń ha, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti ń ha, kí ẹ sì wo ET, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí rímù ṣe wọlé tàbí yọ síta tó ní mìlímítà, tí wọ́n kọ sára rímù méjèèjì. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ ET45 tí tuntun sì jẹ́ ET35, rímù náà ti fi 10 mm yọ síta. N kò rí ọkọ̀ náà fúnra mi, nítorí náà kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó, kí ẹnikẹ́ni má sì gé fẹ́ńdà yín.

Títí ẹ ó fi rí táyà náà rà, ẹ dá rímù 15 padà, bí ẹ kò bá tíì tà á.