Ta Ló Ń Fọwọ́ Sí Ìwé Yín? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fẹ́yin Tẹ́ ẹ Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ìwé táwọn èèyàn kọ àfojúsùn ọdún sí láti Jánúárì, tí wọ́n wá ṣí i wò nísinsìnyí tójú ń tì wọ́n. Mo mú mẹ́rin. Mo gé àwọn kan kúrú, ẹ má bínú.

Ẹ káàsán Màmá. Tíṣà ni mí n'Ìwó kí n tó fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá. Lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, pásítọ̀ ní ká kọ àfojúsùn wa sílẹ̀, mo kọ mẹ́rìndínlógún. A ti wà ní Sẹ̀tẹ́ńbà báyìí, ẹyọ kan péré ni mo ṣe nínú ẹ̀, eyín tí mo ní mo fẹ́ yọ. Tí mo bá ti rí ìwé yẹn inú mi á bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé kí n dáná sun ún ni? (Ìyá Tíṣà, Ìwó)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun nǹkan kan. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á débi eyín, torí èmi náà lọ́dún tí mo fẹ̀yìntì, 2016, mẹ́tàdínlógún ni mo kọ, sínú ìwé 2A kan báyìí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà kìíní, “Máa ṣe eré ìdárayá.” Ìkejì, “Sún mọ́ Ọlọ́run sí i.” Ìkẹta, “Kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síwájú ilé.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí tó fi kan ìparí, níbi tí mo kọ “Jerúsálẹ́mù” sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sówó, kò sí pásípọ́ọ̀tù. Oṣù keje ni mo tó rí ìwé náà lábẹ́ àpò ìrẹsì, eku ti jẹ etí ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí ni pé tíṣà lèmi náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èwo nínú wa ló jẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́sìn nóòtù pé “Kí àwọn ọmọ mọ ìṣirò sí i” kó sì gbé e tọ HM, ọ̀gá iléèwé, lọ? Wọ́n á jù ú padà fún un ni. Ohun tá a máa ń kọ ni pé lọ́sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, àwọn ọmọ á lè ro márùn-ún báyìí báyìí pọ̀ láìṣàṣìṣe, ìyẹn nǹkan téèyàn á fojú rí pé ó ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé la fi ṣe é fọ́mọ ọlọ́mọ, ó wá kan tara wa, a wá ń kọ “sún mọ́ Ọlọ́run sí i.”

Ẹ tún wo eyín yẹn dáadáa. Òun nìkan ló ní ọjọ́ tiẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ó ń dùn yín, ẹ mọ ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa mú dání, ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti dé ẹ ò ní eyín yẹn lẹ́nu mọ́. Ẹ ò ya ọ̀lẹ rárá, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ni ò láàárọ̀ tí ò lálẹ́.

Nítorí náà ẹ mú mẹ́rin péré nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti eyín. Ká ní eré ìdárayá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, tí mo bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, kí n tó tan fóònù, mo máa fẹsẹ̀ rìn dé Odò-Ọ̀rí kí n sì padà. Ká ní “ìlera” lẹ kọ, ẹ kọ ọ́ pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lóṣooṣù mo máa lọ wọn BP mi, ìyẹn ìfúnpá, màá kọ nọ́ńbà méjèèjì tí wọ́n bá pè sínú ìwé, tó bá wá ń jẹ́ 140/90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ mú ìwé náà tọ dókítà lọ, ẹ má kàn sọ fún un lẹ́nu pé “ó máa ń ga díẹ̀.” Àwọn dókítà fẹ́ràn ẹni tó bá mú nọ́ńbà wá.

Lórí àtiyẹ̀ ẹ́ wò, èmi ti padà sí kàlẹ́ńdà iléèwé o, mi ò tijú. Táàmù mẹ́ta. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ku díẹ̀ ká ṣe Àjíǹde, mo tún máa ń wò ó tí wọ́n bá fún àwọn ọmọ lólidé ní July, mo sì tún máa ń wò ó níbẹ̀rẹ̀ December kí rúkèrúdò Kérésì tó dé. Mo ti dán oṣooṣù wò rí, ó ti yá jù fún wa, oṣù kan tẹ́nì kan bá kú nínú ẹbí, tẹ́ ẹ tún lọ sí ìsìnkú, ó ti lọ nìyẹn. Ọdọọdún náà sì ti pẹ́ jù, nǹkan á ti bàjẹ́ kéèyàn tó mọ̀.

Ohun mẹ́ta náà ni mo máa ń ṣe sí ìlà kọ̀ọ̀kan: tí mo bá ti ṣe é, mo máa máàkì í, tó bá kù, mo máa gbé e lọ sí táàmù tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni mo lè gbé nǹkan kan o, tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì mo máa fa igi lé e lórí. Fífa igi yìí lọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí mo ní mo fẹ́ kọ́, ọdún 2018 ni mo fagi lé e, lẹ́yìn tí mo bi ara mi pé tá a bá kọ́ ọ tán, ta ló máa jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Kì í ṣèmi. Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba gratuity lọ, ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Ó wá ku ìkan, òun gan-an sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú. Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé yín? Gbogbo ìgbà tá a fi ṣiṣẹ́, ojú ẹlòmíì wà lára wa, aago á dún, rẹ́jísítà á wà lórí tábìlì, lọ́jọ́ Ẹtì HM á fọwọ́ sí nóòtù. Ó wá di ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n gbé gáàrì, ẹran àti sẹtifíkéètì lé wa lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Èmi ní ọ̀rẹ́ kan, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìntì, òun ló ń fọwọ́ sí tèmi, èmi náà ń fọwọ́ sí tiẹ̀. Bírò pupa ló máa ń mú wá látilé ẹ̀. Á jókòó sórí àga ẹ̀bá firíìjì, á wọ jígí, á wá máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni tó ń pe rẹ́jísítà. “Rírìn?” Màá ní mo rìn. “Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?” Ẹnu mi á wọhò. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ ọkọ yín o, ìyẹn á dìjà, kó má sì jẹ́ ọmọ yín, ọmọ á kàn máa ṣàánú yín ni.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fẹ̀yìntì ní káńsù, wọn ò tíì san gratuity mi. Lọ́dọọdún nǹkan kan náà ni mò ń kọ, kí n gbẹ́ borehole, kí n ṣí gbogbo òrùlé ilé kí n tún un kàn, kí n bẹ̀rẹ̀ adìyẹ ẹlẹ́yin 500. Ọdún á parí, màá tún un kọ sínú ìwé tuntun. Ìyàwó mi ní kí n yéé kọ ọ́ mọ́. Kí lẹ rí sí i? (Bàbá Káńsù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ ìlú mi)

Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, Ọlọ́run á bá wa gbà á. Àmọ́ ìyàwó yín ò ṣì sọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ kọ yẹn, ọwọ́ ẹlòmíì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà. Ẹ fa ìlà sí àárín ewé yín, kẹ́ ẹ kọ tọwọ́ yín sápá kan, tọwọ́ ìjọba sápá kejì.

Lápá ti ìjọba, ẹ má kọ “kí wọ́n sanwó mi,” ìyẹn àdúrà ni. Ẹ kọ ohun tí ẹsẹ̀ yín lè ṣe sí i, pé lóṣù yìí mo máa lọ rí i pé lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga tó gbẹ̀yìn àti ìwé ọjọ́ ìbí mi wà nínú fáìlì, pé orúkọ mi rí bákan náà nínú gbogbo wọn àti ní báǹkì, torí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú orúkọ ti dá fáìlì ẹlòmíì dúró rí. Ẹ máa lọ sípàdé àwọn onípẹ́ńṣọ̀n, NUP, ẹ̀ka tiyín, gbogbo ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá sì lọ sọ́fíìsì kankan, ẹ kọ ọjọ́ náà àtohun tí wọ́n sọ. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ẹsẹ 210, ló kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni pẹ́ńṣọ̀n àti gratuity, ó sì ní kí wọ́n máa tún owó pẹ́ńṣọ̀n yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá ti fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Lápá tiyín, ẹ jẹ́ ká ṣírò adìyẹ yẹn. Adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti dàgbà ń jẹ tó gíráàmù 120 lóòjọ́. 500 nínú ẹ̀ jẹ́ 60 kílò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò oníkílò 25 méjì àtààbọ̀ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, ó sì tó oṣù márùn-ún téèyàn á fi máa bọ́ wọn láti òròmọdìyẹ kó tó rí ẹyin kan ṣoṣo. Ta ló máa ra àpò yẹn? Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ńkọ́? Kílò mẹ́ta lóòjọ́, àpò kan á lọ tó ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀. Tó bá di táàmù kẹta lẹ máa mọ̀ bóyá ẹ tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn adìyẹ, ọ̀pọ̀ ni ò fẹ́ràn ẹ̀, wọn kì í mọ̀ títí owó á fi tán. Òrùlé náà, ẹ fi gbogbo ilé sílẹ̀ ná, páànù mélòó ló ń jò lórí ibi tẹ́ ẹ ń sùn? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ. Borehole, ẹ fi sápá ìjọba.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ yáwó lórí gratuity tí ò tíì jáde. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tówó yẹn dé, èlé ló gbé e lọ.

Àǹtí mi, Peckham ní London ni mo wà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ti pé 66, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba ti ń wọlé. Àfojúsùn mi lọ́dún tó ń bọ̀ ni kí n kó ẹrù mi padà s'Íjẹ̀bú-Òde pátápátá. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ṣe sùúrù. Ṣé kí n kọ ọ́ àbí kí n má kọ ọ́? (Ìyá Ìbejì)

Ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ má kọ “pátápátá” síbẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ àfìgbà tí wọ́n bá ti dé'lé tán. Tẹ́ ẹ bá wá gbé Nàìjíríà, pẹ́ńṣọ̀n yín láti London á máa wọlé o, àmọ́ àfikún tí wọ́n ń ṣe sí i ní April ọdọọdún ò ní kàn yín mọ́, iye tẹ́ ẹ bá ń gbà nígbà tẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ lẹ máa máa gbà títí ẹ fi padà lọ gbé ọ̀hún. Ẹni tó lọ gbé Jàmáíkà ń gba àfikún tiẹ̀ torí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ní àdéhùn, àwa ò ní. Kò dáa, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ fún ogún ọdún kẹ́ ẹ tó ta kápẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà àfojúsùn ọdún àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wá gbé oṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá lè pín in sí méjì á tún dáa, ọyẹ́ díẹ̀, òjò díẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì wá lásìkò Ojúde Ọba nìkan o, ìlú tó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá tó sì ń gẹṣin kò lè sọ òótọ́ fún èèyàn. Ẹ wá lọ́jọ́ Túsìdeè lásán. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́: wákàtí mélòó ni iná fi wà, èló lẹ ra oògùn yín, ta ló wá kí yín tí ò tọrọ nǹkan. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé síwájú ọmọ yín, ẹ má bá a jiyàn lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi fẹ̀yìntì ní March, ọ̀gá ńlá ni níbi iṣẹ́ wọn. Ó ti lẹ ìwé mọ́ ògiri kíṣìnnì, ó pè é ní Àfojúsùn Ilé. Mọ́kànlá ni, èmi ló ni mẹ́sàn-án. Ìkẹfà ni “Dín owó ata kù.” Tiẹ̀ méjì tó kù: “Sinmi” àti “Bójú tó ìyókù.” Kí n ṣe báwo? (Alásè, Abẹ́òkúta)

Ẹ fún un lówó ata. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, kóun fúnra ẹ̀ máa lọ sí Kútọ̀, kó máa bá wọn ná an, kó máa gbé e bọ̀ nínú Máruwá. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì á ti fọwọ́ ara ẹ̀ fa igi lé nọ́ńbà kẹfà. Àmọ́ ẹ rọra o, ọkùnrin tó ń rán èèyàn níṣẹ́ láti ogún ọdún wá, tó wá jí lọ́jọ́ kan tí ò rẹ́ni tó máa rán, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ bá a wá ọ̀rẹ́ tó ní bírò pupa.

Àwọn lẹ́tà tó kù di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi oníbírò pupa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, láti July ni mo ti ń sún un, mo ní orúnkún ń dùn mí. Nọ́ńbà kẹta lọ́dún yìí ni kí n kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò àtijọ́ 60 tó wà nínú páálí ìyá mi, torí èmi nìkan ló ṣẹ́kù tó mọ àwọn tó wà nínú ẹ̀. Mo ti kọ 22. Wọ́n wà lórí tábìlì níbí bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọkùnrin kan wà nínú ìkan tó wọ fìlà abetí ajá, mi ò mọ̀ bóyá bàbá Ọ̀tà ni àbí àbúrò ẹ̀.