Ṣé àwọn ọmọ méjì tó ní cystic fibrosis lè jọ gba yàrá kan ní ọsibítù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Òkè-Báálẹ̀ ni mò ń gbé, níbí ní Òṣogbo. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ìlú Ọba ni wọ́n ti sọ fún wa pé cystic fibrosis, àìsàn kan tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, ló ń ṣe é, nígbà tí a ṣì wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. A ti padà sílé láti èṣí. Lọ́jọ́ tí a lọ rí dókítà, mo pàdé obìnrin kan láti Ẹdẹ tí ọmọbìnrin rẹ̀ ní àìsàn kan náà. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ní báyìí, wọ́n ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá gba oògùn sínú iṣan fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ti jọ sọ ọ́ pé ká gba yàrá àdáni kan, ká pín owó rẹ̀ sí méjì, ká jọ máa se oúnjẹ, kí àwọn ọmọ sì máa bá ara wọn ṣeré. Àbúrò mi tó wà ní London ló pariwo lórí fóònù pé ká má dán an wò. Ìyá ọkọ mi wá ń béèrè pé ṣé àìsàn náà ń ràn ni. Kí ni òótọ́ ibẹ̀, mà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ẹ má gba yàrá kan náà, kódà fún alẹ́ ọjọ́ kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn yín. Ẹni tó bá ti ń tọ́jú ọmọ ládùúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ̀ rí, ó mọ bí alábàárò kan ṣe níye lórí tó. Iṣẹ́ ìdènà àkóràn ní wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, mi ò sì tíì rí ìyá tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún tí ojú rẹ̀ kò fà ro.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyá ọkọ yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló máa yára tàn ká ilé. Cystic fibrosis kì í ràn. Àjogúnbá ni. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń wo jínótáìpù: bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì le, síbẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àìsàn yìí, jíìnì mìíràn ló kàn jẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ rí lọ́dún 1989. Ìyá ọkọ yín lè gbé ọmọ-ọmọ wọn sórí itan, kí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Wọn ò ní kó o. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ò ní kó o.

Ohun tó ń ràn ni àwọn kòkòrò tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà ṣe ilé. Ẹni tí wọ́n sì rọrùn jù lọ láti ràn ni ọmọ mìíràn tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró tèmi tiyín, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fúyẹ́. Irun wínníwínní tí ojú kò lè rí ń gbá a sókè tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú eruku àti kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, a ó sì gbé e mì láìfura. Ní ti ọmọ yín, iyọ̀ àti omi kì í gba ara awọ inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá bó ṣe yẹ. Àbùkù yẹn kan náà ló mú kí òógùn rẹ̀ níyọ̀ débi pé ẹ máa tọ́ ọ wò bí ẹ bá fẹnu ko iwájú orí rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá ki, ó sì lẹ̀ bí àtè. Irun yẹn ò lè gbá a kúrò. Kòkòrò tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti rí ibùgbé, á sì máa bí sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mẹ́ta nínú àwọn kòkòrò náà ló ń kó mi láyà sókè jù. Pseudomonas aeruginosa fẹ́ràn ibi tó bá tutù: ojú ẹ̀rọ omi, ihò tí omi ìfọwọ́ ń gbà lọ, kànìnkànìn tí kò gbẹ. Burkholderia cepacia ni ìkejì. Ara àlùbọ́sà tó ń jẹrà ni ọ̀gbẹ́ni Walter Burkholder ti rí i ní New York, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1950. Ẹ̀yin àti èmi lè rẹ́ àlùbọ́sà Ọjà-Ọba títí ayé, kò ní ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kan èyí tó ti rà. Lára àwọn tó ní cystic fibrosis, kòkòrò yìí lè sùn jẹ́ẹ́ fún ọdún mélòó kan, ó sì lè ru sókè lójijì, kí ibà ńlá dé, kí ẹ̀dọ̀fóró bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìkẹta, Mycobacterium abscessus, ìbátan kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ lè ní, ṣebí kòkòrò wọ̀nyí wà nínú ilẹ̀ àti omi níbi gbogbo, kí ló wá burú nínú ti ọmọ Ẹdẹ? Ibí yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ sí. Kòkòrò tó wá láti inú ilẹ̀ kò tíì mọ inú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn sì lè lé e lọ bí a bá tètè rí i. Èyí tó ti gbé ọdún mẹ́ta, mẹ́rin nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mìíràn yàtọ̀ pátápátá. Ó ti fara gbá oríṣiríṣi oògùn, kò kú. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bora bí aṣọ kí oògùn má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olè tó mọ ibi tí onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí ni. Bó bá kúrò lára ọmọ kan bọ́ sára èkejì, kò nílò láti kọ́ iṣẹ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ yín náà ló sì ti lè lọ bá ọmọ Ẹdẹ, kì í ṣe pé ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn dókítà pàápàá kò mọ èyí látilẹ̀wá. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí lọ sí ibùdó ìsinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n jọ ṣeré, kí wọ́n jọ sùn, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Èrò rere ni, ó jọ èrò ẹ̀yin ìyá méjèèjì gan-an. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó jọ lọ ń ní irú Burkholderia kan náà, àwọn kan sì kú. Wọ́n ti àwọn ibùdó náà pa láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ní Copenhagen, láti 1981 ni wọ́n ti ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ nítorí Pseudomonas. Lọ́dún 1996, ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé kan ní Liverpool, àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá síbẹ̀ ló ní ẹ̀yà Pseudomonas kan ṣoṣo lára, èyí tí oògùn tí wọ́n ń lò kò ràn mọ́. Ohun tí ojú àwọn ìdílé wọ̀nyẹn rí ni àbúrò yín gbọ́ tó fi pariwo.

Báwo ló ṣe ń kọjá? Ọwọ́ ni olórí ọ̀nà: ọwọ́ ọmọ, ọwọ́ ìyá, ọwọ́ àwa nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kejì ni afẹ́fẹ́. Bí ọmọ tó ní Pseudomonas bá húkọ́, àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò náà láàyè ní mítà mẹ́rin sí i, wọ́n sì tún rí i nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45. Yàrá àdáni mélòó lẹ mọ̀ tó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ? Kọ́tìnì tí wọ́n ta sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì kò dá nǹkan kan dúró. Ẹ má sì sọ pé èsì àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn méjèèjì mọ́. Àyẹ̀wò lè má rí kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí ìlànà tí àjọ Cystic Fibrosis Foundation ti Amẹ́ríkà tún ṣe lọ́dún 2013 fi kan gbogbo aláìsàn, èsì yòówù kó ní: yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán mítà méjì láàárín wọn níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé, ìbòmú lẹ́nu wọn bí wọ́n bá jáde kúrò ní yàrá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, mi ò sì fojú kékeré wò ó. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ bóyá ọmọ kan lè kọ́kọ́ wọlé, kí èkejì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá sí èyí tí àìsàn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dúró. Nígbà náà, yàrá yẹn kan náà lẹ ó lò ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi Jik fọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀rọ omi àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ dáadáa. Bó bá di dandan kí àwọn méjèèjì jọ wọlé, tí owó ò sì ká yàrá méjì, ọmọ kan lè wà ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láàárín àwọn ọmọ tí ibà tàbí ẹsẹ̀ kíkán gbé wá. Èyí kò dára tó yàrá àdáni, àmọ́ ó sàn ju kí àwọn méjèèjì jọ wà lọ. Kí wọ́n má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ń húkọ́, tàbí èyí tí àìjẹunre-kánú tàbí oògùn jẹjẹrẹ ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, torí Pseudomonas lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà léṣe.

Ẹ má tijú láti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bó bá ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ Ẹdẹ bọ̀, kó fọ ọwọ́, kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó wọ̀ lé aṣọ, kó nu ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà kó tó gbé e lé ọmọ yín. Yàrá tí wọ́n ti ń gbá ẹ̀yìn ọmọ kó lè pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tàbí tí wọ́n ti ń ní kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń wọn mímí, kí ọmọ kejì má wọ̀ ọ́ títí wákàtí kan yóò fi kọjá, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ibi tí jàǹbá ti pọ̀ jù nìyẹn, torí ikọ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin ìyá fúnra yín ńkọ́? Ẹ lè pàdé, ẹ lè jọ jókòó lábẹ́ igi, ẹ lè jọ se oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀fóró yín ò ní wàhálà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ ọmọ, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má gbé ọmọ èkejì mọ́ra. Mo sì bẹ̀ yín nítorí ìró. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí: ọmọ húkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, a fi etí ìró nù ún lẹ́nu, a sì dìde lọ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Tíṣù ni kí ẹ lò, kí ẹ jù ú sínú bíìnì tó ní ìdérí. Ife, ṣíbí, ohun ìṣeré, fóònù, kí wọ́n má kúrò lọ́dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu, tí ọmọ ń fà símú, kì í ṣe ohun tí à ń yáni. Bí ti wọn bá bàjẹ́ lóru, bí iná bá lọ, ẹ má fún wọn ní tiyín, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ bá ti lò ó tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ife àti ìbomú rẹ̀, ẹ sè wọ́n nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tẹ́ wọn sórí aṣọ mímọ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ ṣan wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá sè wọ́n tán, torí inú omi yẹn gan-an ni Pseudomonas lè wà.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ya aláìsàn sọ́tọ̀, ẹ̀tẹ̀ ni àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń rántí, ọmọ náà á sì rò pé òun ti di ẹni ìkórìíra. Ẹ jókòó ti ọmọ yín kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti gbọ́n tó láti gbọ́ pé kòkòrò ni à ń sá fún, a ò sá fún ọmọbìnrin yẹn, àti pé òun náà ń dáàbò bò ó bó ṣe ń jìnnà sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn lórí fídíò WhatsApp lálaalẹ́. Wọ́n lè máa pa àlọ́ fúnra wọn, wọ́n lè máa fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n lè jọ máa gbé oògùn tó ń bá wọn da oúnjẹ mì lẹ́ẹ̀kan náà lójú fóònù. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tọ́jọ́.

Ẹ ka ìdáhùn yìí fún ìyá Ẹdẹ lónìí, kí ó tó lọ san owó yàrá.