Bí ẹ̀bí aláìsàn bá ń jágbe mọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Ìbàdàn, mo wà ní ọdún kejì. Bí ẹ̀bí aláìsàn bá ti jágbe mọ́ mi báyìí, omijé á ti dé ojú mi. Ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì, pé nọ́ọ̀sì tó ní làákàyè kì í jẹ́ kí nǹkan dun òun. Ṣé a lè kọ́ ọ ni, àbí àbímọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó ṣeé kọ́. Àmọ́ gbígbé e mì kọ́ ni wàá kọ́.

Làákàyè tí ọ̀gá rẹ ń sọ yẹn, ní 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n pè é ní emotional intelligence: kí èèyàn dá bí nǹkan ṣe rí lára òun àti lára ẹlòmíràn mọ̀, kí ó sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Wọn ò sọ pé kí nǹkan má dunni. Gbígbé e mì gan-an ní ìyà tirẹ̀. Ìwádìí tí Jane Richards àti James Gross gbé jáde ní 2000 fi hàn pé ẹni tó ń fi tipátipá bo ohun tó ń ṣe é máa ń gbàgbé nínú ohun tí wọ́n sọ lásìkò náà. Ìwọ wò ó: o ń dènà ẹkún, dókítà sì ń sọ ìwọ̀n oògùn bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹni tó ń jágbe náà ńkọ́? Ó lè jẹ́ ìyá kan láti Mọníyà tó sun orí bẹ́ǹṣì mọ́jú. Wọ́n ti rán an lọ ra ìbọ̀wọ́, wọ́n rán an lọ ra dírípù, wọ́n tún ní kó lọ sanwó àyẹ̀wò. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ fún un. Kò lè jágbe mọ́ dókítà àgbà. Ìwọ tó kéré jù ló kò lójú. Ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ariwo yẹn. (Àwọn kan wà o tó jẹ́ àrífín lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ, kúrò níbẹ̀, kí o pe ọ̀gá àti sìkiọ́rítì.)

Kọ́kọ́ kí i: "Ẹ kú aájò o, mà. Ẹ kú àìsùn." Má sọ pé kó fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ rí torí pé wọ́n pàṣẹ fún un. Sọ ohun tí o rí: "Mo rí i pé àyà yín ń já. Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá mi, màá padà wá bá yín." Kí o sì padà lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "kò tíì sí èsì" ni wàá lọ sọ. Ṣíṣàlàyé àìsàn kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà má ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ.

Ní ti omijé, kí o tó gba hándóófà (ìròyìn aláìsàn lọ́wọ́ àwọn tó ń parí iṣẹ́), bi ara rẹ léèrè ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣé ebi ni? Ṣé awakọ̀ Micra tó bú ọ ní Mọ́kọ́lá ni? Ẹni tó bá mọ ohun tó gbé wá láti ìta kò ní dà á lé aláìsàn lórí. Bí omijé bá ti fẹ́ dé, sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, máa mí jáde kó pẹ́ ju mímí sínú lọ. Bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ rẹ, sunkún. Èmi náà ṣì ń sunkún.

Ohun kan wà tí ń bí mi nínú: àwọn ọ̀gá kan ń fi ọ̀rọ̀ làákàyè yìí bo àìtó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ sílùú òyìnbó. Bí méjì tó kù bá ń dá tọ́jú wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́ mọ́jú, àárẹ̀ wọn kì í ṣe àìní làákàyè. Ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù sí ni kí wọ́n kọ àìtó òṣìṣẹ́ náà sí, kí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ rí i.

Má bá ọ̀gá rẹ jiyàn níwájú aláìsàn. Lọ bá a lẹ́yìn iṣẹ́, kí o ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ̀bí bá tún jágbe mọ́ mi, ṣé kí n wá pè yín ni, àbí kí n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn?" Èyí tó bá mú nínú méjèèjì ni kí o máa ṣe ní wọ́ọ̀dù rẹ̀.