Kí ló dé tí Gíríìsì fi gba gbogbo ariwo?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí a fi ń gbọ́ nípa Gíríìsì àtijọ́ ju Páṣíà àtijọ́ (Íránì òde òní) lọ. Ẹ ní ṣé torí pé Páṣíà kò ṣe nǹkan gúnmọ́ ni. Rárá o! Láti Íjíbítì dé etí odò Indus, ní Pakistan òde òní, ni àwọn ará Páṣíà jọba lé. Àwọn Gíríìkì tó bá wọn jagun ló kọ ìtàn náà sílẹ̀, òpìtàn Herodotus ṣáájú wọn.

Dáríúsì, ọba Páṣíà, fín ìtàn tirẹ̀ sára àpáta Behistun ní Íránì ní èdè mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́, kí Rawlinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tó tú u láàárín ọdún 1830 sí 1850. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé Yúróòpù ti ń há èdè Gíríìkì sórí tipẹ́. Ilé ìwé wọn yẹn náà la jogún.

Wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Persepolis, ìlú àwọn ọba Páṣíà, ní 1933 ńkọ́? Ìwé ìṣirò oúnjẹ òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá tó bí ọkùnrin ń gba ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tó bí obìnrin ń gbà. Èmi fẹ́ràn irú èyí ju ìròyìn ogun lọ, àmọ́ ta ló fẹ́ fi ìwé ìṣirò ṣe fíìmù?

Àsìkò Kírúsì, ọba tó dá ìjọba Páṣíà yìí sílẹ̀, títí dé ìgbà tí Alexander, ọba Masidóníà, ṣẹ́gun wọn ni mò ń sọ o. Ní Íránì fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tí Kírúsì jẹ́ fún.