Ẹ Bi Wá: Fíìmù Akẹ́kọ̀ọ́ àti Pósítà Rẹ̀

Ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: fíìmù kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo ń ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa 6 la fẹ́ ṣe fíìmù. Ìwé eré wa jẹ́ ojú ewé 22, ọjọ́ 2 péré sì ni ẹni tó ni kámẹ́rà lè yá wa. Ṣé yóò ṣeé ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

Kò lè ṣeé ṣe, ẹ má tan ara yín. Ojú ewé 1 ìwé eré tí a tẹ̀ bó ṣe yẹ máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 lójú fíìmù. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó múra dáadáa lè ya ojú ewé 4 tàbí 5 lóòjọ́. Ojú ewé 22 á gbà yín ní ọjọ́ 5, bí òjò kò bá rọ̀. Ẹ gé e sí 8.

Ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án ni ìkíni. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni, kò sì burú, àmọ́ "ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́" lè jẹ ìdajì ìṣẹ́jú kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìran bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti kí ara wọn tán, àyàfi tó bá jẹ́ pé ìkíni gan-an ni ìjà, bíi ọmọ tó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo òṣèré tó ń sọ gbólóhùn méjì péré: ṣé ẹlòmíràn kò lè sọ ọ́? Bí ẹ bá yọ ẹnì kan, ẹ ti yọ oúnjẹ rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ àti wákàtí tí ẹ ó fi dúró dè é.

Ẹ má rò pé kíkúrú bu iṣẹ́ yín kù. Àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Oscar gba ìṣẹ́jú 40 gẹ́gẹ́ bí òpin fíìmù kúkurú, orúkọ òṣèré inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdíje fíìmù kúkurú ní àjọ̀dún Cannes nílẹ̀ Faransé kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹni tó ń to fíìmù fún àjọ̀dún yóò tètè rí àyè fún oníṣẹ́jú 8 ju oní-25 lọ.

Ẹ má ya á bí ìtàn ṣe tò. Gbogbo ìran tó wà ní ibì kan náà, ẹ yà á pọ̀, kódà bí ọ̀kan bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí èkejì jẹ́ òpin. Láti di ẹrù ní Òkè-Fìà, kí ẹ gbé e dé Ọjà-Ọba, kí ẹ tún tò ó, wákàtí kan ó lé ti lọ nìyẹn, nítorí náà ibi méjì lóòjọ́ ti tó. Ẹ ṣírò ìṣẹ́jú 25 fún ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà yà lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Wákàtí 10 á fún yín ní 24. Bí ìwé yín bá ní ṣọ́ọ̀tì 40 fún ọjọ́ kan, òru ni ẹ ó máa bọ̀.

Nítorí pé ẹ kò ní yà á lẹ́sẹẹsẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi fóònù ya òṣèré ní ìparí ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan: apá tó ká sókè, ibi tí gèlè tẹ̀ sí, ọwọ́ tó fi mú ife, ibi tí omi inú ife dé. Gèlè ló máa ń tú àṣírí jù, torí kò sẹ́ni tó lè wé e bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Iná ń ṣẹ́jú nínú fíìmù tí a fi fóònù yà nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ojú wa kò rí i níbẹ̀. Kí ló fà á? — Ògo-Olúwa

Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù ń tàn, ó ń rẹlẹ̀, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù tó ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí ojú rẹ̀ ń ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, kò bá a mu. Ẹ wá áàpù kámẹ́rà tó ń jẹ́ kéèyàn yan nǹkan wọ̀nyí fúnra rẹ̀, kí ẹ fi sí àwòrán 25, kí ojú máa ṣí fún 1/50. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ ń lò, ìlọ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó sì lè máa ṣẹ́jú síbẹ̀. Ẹ gbé ìran náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án.

Ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi pálọ̀ mi ya fíìmù. Mo ti gbà fún wọn, àmọ́ wọ́n ní kí n pa fíríìjì, kí n pa fáànù. Ṣé kì í ṣe àṣejù nìyẹn? — Màmá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Fìà

Màmá, ẹ kú inúure. Kì í ṣe àṣejù rárá. Ohùn ló ń ba fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ju àwòrán lọ: èèyàn á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, á dìde. Fíríìjì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárín gbólóhùn, á sì dákẹ́ láàárín òmíràn; bí wọ́n bá ti gé méjèèjì pọ̀, gbogbo ayé á gbọ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ ní kí ọmọ yín fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sínú fíríìjì náà. Kò ní lè lọ láìjẹ́ pé ó rántí tàn án, ẹran yín ò sì ní bàjẹ́.

Ẹ sọ èyí fún wọn pẹ̀lú: máíìkì kò gbọ́dọ̀ ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ sí ẹnu. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ dára, àmọ́ léèsì àti aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí máa ń ha á. Kí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ó kéré tán mítà 30. Kí wọ́n mọ àkókò ìrun mọ́ṣáláṣí àdúgbò àti ọjọ́ ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹni tó ń pe ìrun pé kó dákẹ́. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, òjò orí páànù lè gba odindi ọ̀sán. Kí wọ́n tó kúrò, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n gba ohùn pálọ̀ náà lófìfo sílẹ̀. Òun ni wọn ó fi dí ihò nígbà tí wọ́n bá ń tò ó pọ̀.

Ṣé a lè ya ìran méjì nínú Igbó Ọ̀ṣun? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọjà-Ọba

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá Ọ̀ṣun ni ìtàn ń fẹ́ tàbí etí odò lásán. Etí odò pọ̀. Tó bá jẹ́ Igbó náà gan-an, ibi tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 2005 ni, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín lọ síbẹ̀ ṣáájú: ọjọ́, wákàtí, iye èèyàn, irú kámẹ́rà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun ibi tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ dé, kí ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ má lọ ní oṣù kẹjọ, torí ọdún Ọ̀ṣun. Abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn kí alẹ́ tó lẹ́, nítorí náà aago 10 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán ni kí ẹ fi síṣẹ́.

Fíìmù ti parí. A gé àwòrán kan nínú rẹ̀ fi ṣe pósítà A3. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú òṣèré rí bùṣù-bùṣù, àwọ̀ ṣú, àmì orí àkọlé sì di àpótí kéékèèké. Níbo la ti ṣìṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́

Ibi mẹ́ta ni, èyí tó burú jù sì ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó débi pósítà. Kí A3 tó mọ́, ó yẹ kó ní píksẹ́lì (ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 3508 sí 4961. Fíìmù yín jẹ́ 1920 sí 1080. Bí ẹ bá gé òró láti inú rẹ̀, píksẹ́lì 1080 ni yóò na gíga íǹṣì 16.5, ìyẹn 65 péré nínú íǹṣì kan. Kódà 4K kò ju 131 lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ya fíìmù tó kàn, ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún fọ́tò lásán: òṣèré nínú aṣọ rẹ̀, kámẹ́rà ní òró, kí àyè ṣófo wà lórí rẹ̀ fún àkọlé.

Àwọ̀ ṣú nítorí pé iná ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn yín, yíǹkì sì ni ilé ìtẹ̀wé ń lò. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò kò sí nínú yíǹkì. Ẹ yí i sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí ilé ìtẹ̀wé ń lò, kí ẹ tó parí, ẹ tan ojú àwòrán díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tẹ ẹyọ kan lórí A4 wò kí ẹ tó tẹ ogún. Ẹ fi mìlímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí A3 yín di mìlímítà 303 sí 426, kí ọ̀bẹ má bàa fi ìlà funfun sílẹ̀.

Ti àmì orí ọ̀rọ̀ ni kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì (irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tó lẹ́wà ni kò ní ẹ́ àti ọ́, torí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ lórí lẹ́tà kan. Noto Sans àti Charis SIL ní wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ sọ àkọlé di àwòrán ìlà, kó má jẹ́ lẹ́tà mọ́, kí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé má bàa fi fọ́ńtì tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ yọ àmì kúrò kó lè rọrùn: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe fíìmù kan náà.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà àkọlé ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ẹni tó dúró ní mítà 3 lè kà á. Ẹ wò ó lórí fóònù pẹ̀lú, kó kéré bí èékánná. Bí àkọlé bá pòórá, orúkọ èèyàn ti pọ̀ jù lójú ìwé.

Tí kò bá sí fọ́tò tó mọ́ rárá, ẹ yà á lọ́wọ́. Òṣogbo kọ́ ló yẹ kó máa wá ọ̀nà àbáyọ nídìí èyí. Láti ìgbà Mbárí Mbáyọ̀, ibi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 nílé Dúró Ládiípọ̀, ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ti ń gbẹ́ àwòrán tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́: ìlà dúdú tó nípọn, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹlẹ́gẹ́. Ẹ kàn má daṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ. Ẹ mú ìṣesí ìlà, kí ojú inú rẹ̀ jẹ́ ti òṣèré yín.