Ilẹ̀kùn tí àǹtí rẹ tì mọ́ ọ síta

Nínú lẹ́tà tí o kọ sí mi, ojú ewé mẹ́ta lo fi rojọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ. Kì í tètè gbé fóònù. O pè é ní ìgbà 17 lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó máa fi pè padà, o ti dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, o gun ọ̀kadà zémidjan lọ sunkún sílé rẹ̀. O wá ń bi mí bóyá kí o fi í sílẹ̀.

Ìlà kan péré lo fi sọ pé láti ọmọ ọdún 7 títí dé 14 lo fi gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Ouando ní Porto-Novo: "Ó máa ń nà mí díẹ̀, àpá ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Bí ẹ̀pà ò bá tà tán, á tilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi lọ́gbọ́n."

Díẹ̀ kẹ̀? Ọmọ ọdún 7 lórí pèpéle lóru, igbá ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń tẹ́tí bóyá wọ́n máa ṣílẹ̀kùn!

Fóònù tí ọkùnrin yẹn kò gbé, ilẹ̀kùn yẹn ni. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Bowlby, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé rẹ̀: bí ẹni tó ń tọ́ ọmọ bá ṣe ń dá igbe rẹ̀ lóhùn lọmọ fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ṣeé fẹ̀yìn tì. Ní 1987, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Hazan àti Shaver, ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ìfẹ́ àwọn àgbà. Ọmọ tó jẹ́ pé ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ fún un náà ló ń nà án, á máa rọ̀ mọ́ni, á tún máa sá. Ìpè 17, lẹ́yìn náà o dínà. Kì í ṣe àyànmọ́ o. Ó ń rọlẹ̀ bí èèyàn bá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àǹtí yìí kan náà ti ní kí wọ́n mú àbúrò rẹ ọmọ ọdún 8 wá lẹ́yìn ìdánwò. "Ìyá mi ti gbà." Ìwọ ńkọ́? Mo gbé ìwé rẹ sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́ kí n má bàa kọ ìkọkúkọ.

Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ti tọ́ èmi náà, n kò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n òfin ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015 ti ka lílu ọmọ léèwọ̀, títí kan inú ilé. Má tíì ka òfin fún ìyá rẹ ṣá.

Ti ọkùnrin náà: ṣí nọ́ńbà rẹ̀, sọ ti pèpéle yẹn fún un. Ìyẹn lè dúró. Wọ takisí Kétu ní Sátidé yìí, jókòó ti ìyá rẹ, kí o ká bùbá sókè, kó rí ẹ̀yìn rẹ.