Ọmọ mi wà nínú ẹgbẹ́ tí mò ń kọ́: báwo ni kí n ṣe é?

Ìbéèrè

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ́sítéètì wa ní bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Ọmọ 11 ni wọ́n, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà lára wọn. Méje-méje la máa ń gbá pẹ̀lú àwọn ẹ́sítéètì yòókù. Bí mo bá fi ọmọ mi sí fọ́wọ́ọ̀dù, àwọn òbí á máa kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pa á lówe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo wá yọ ọmọ náà, mo sì ń le mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i pé n kì í ṣojúsàájú. Ó ti ní òun ò lọ mọ́ báyìí. Ìyá ẹ̀ ní kí n fi iṣẹ́ kóòṣì náà sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tóbi, Kubwa

Ìdáhùn

Bàbá Tóbi, ẹ kú ìyànjú. Iṣẹ́ kóòṣì ọmọdé ni mò ń ṣe ní Gwarinpa láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, mo sì ti kọ́ ọmọ tèmi náà nínú ẹgbẹ́. Ohun tójú mi rí níbẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun kan péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀: ẹ yéé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí ẹ máa pinnu lójú ẹsẹ̀ ìgbà tí ọmọ yín máa wọlé àti ìgbà tó máa jáde.

Ẹ wò ó. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa gbá lọ, wọ́n á ní ojúsàájú ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, àwọn tó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ fi í tù lójú, ọmọ náà sì mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ fọ́wọ́ọ̀dù, àmọ́ bí wọ́n bá fi òun ṣètùtù, á mọ̀ ọ́n kíá. Kò sí èyí tí ẹ máa ṣe lójú ẹsẹ̀ tí wọn ò ní dá yín lẹ́bi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé pinnu.

Ní alẹ́ Fráídè, ẹ mú ìwé ọmọ iléèwé kan àti bírò. Ẹ ò sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ń gbá, ẹ jẹ́ ká fi ṣe 20 ṣáájú, 20 lẹ́yìn. Ẹ pín 40 yẹn sí ọ̀nà 5, ìṣẹ́jú 8 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi á bọ́ sí àárín ìpín kẹta, ìyẹn ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ kan á ṣọ́lé, ààyè 6 ló kù lórí pápá. Ààyè 6 lọ́nà 5, ó di 30. Ọmọ 10 ló kù tó máa pín in. Mẹ́ta-mẹ́ta ló kan olúkúlùkù, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, kò lé, kò dín. Tóbi, 24. Ọmọ ìyá olówe, 24.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣirò yìí nìyí: ẹ tò wọ́n ní méjì lẹ́yìn, méjì láàárín, méjì níwájú. Ààyè méjì níwájú lọ́nà 5, 10 ni, àwọn ọmọ tó máa pín in náà sì jẹ́ 10. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Olúkúlùkù á gbá ìpín kan lẹ́yìn, ìpín kan láàárín, ìpín kan ní fọ́wọ́ọ̀dù. Ìjà lórí ẹni tó ń gbá fọ́wọ́ọ̀dù ti parí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Aṣọ́lé nìkan ló máa gbá 40 pé, ẹlòmíràn á sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọ kan bá wà tí ilé ṣíṣọ́ ń bà lẹ́rù, ẹ má fi dandan mú un, ẹ fò ó kọjá.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ fi sórí WhatsApp àwọn òbí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí ọmọ kan ò bá wá láàárọ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn tó wá, kí ẹ fi bírò tún un ṣe lójú wọn. Kí ẹlòmíràn wá di aago mú, kó máa kígbe bí ìṣẹ́jú 8 bá ti pé. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìyá tó pa òwe yẹn ni mo máa fún ní aago. N ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ti pe ọmọ ara ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, tí ọmọ náà wò ó lójú kọrọ, kì í pòwe mọ́.

Ẹnì kan máa bi yín pé, "Tá a bá wá pàdánù ńkọ́?" Ẹ máa pàdánù nígbà mìíràn. Gbogbo bàbá Yorùbá tó ń gbé Òkè Ọya ló fẹ́ kí ọmọ òun di Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá tí wọ́n bí sí Kàdúná. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Yekini nígbà tó gbá gólì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa jẹ ní Ife Àgbáyé, sínú àwọ̀n Bulgaria, ní 1994. Ó di àwọ̀n náà mú, ó ń sunkún. Ogún ọdún ló wà láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ọjọ́ yẹn, kò sì sí gólì Sátidé kan ní Kubwa tó máa pinnu ẹ̀. Ohun tí ẹ lè bà jẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìfẹ́ tó ní sí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ yín sì ti wà lára ẹ̀ báyìí.

Lílé tí ẹ ń le mọ́ Tóbi ló kàn. Àwọn àgbà ní ká fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá tó bá jẹ́ kóòṣì, ọwọ́ òsì méjì ló máa ń ní. Wọ́n á sọ fún yín pé Cesare Maldini kọ́ ọmọ ara ẹ̀ ní Ife Àgbáyé 1998, pé Paolo ló tún jẹ́ balógun Ítálì. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti 1985 ni Paolo ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún AC Milan, kò sẹ́ni tó nílò kí bàbá ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ kó tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n gbá. Tóbi ò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀yin máa fi ẹ̀yìn ẹ̀ wá ẹ̀rí fún ara yín.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwa Yorùbá ní Àbújá níbí. Ẹgbẹ́ yín á ní ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò, ọmọ Gbagyi, bóyá ọmọ Tiv. Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn lẹ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù wá dé ẹsẹ̀ ọmọ yín, Yorùbá bọ́ lẹ́nu yín: "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé o ò lójú ni?" Àwọn òbí tí kò gbọ́ èdè náà á rò pé ẹ ń sọ àṣírí fún un. Àwọn tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé ẹ ń bú u. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Èdè tí ẹ fi ń bá Musa àti Chidi sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi bá Tóbi sọ̀rọ̀ lórí pápá, pẹ̀lú ohùn kan náà. Bí àwọn ọmọ bá ń kígbe "Kawo! Kawo!" síra wọn láti gba bọ́ọ̀lù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, èdè tiwọn nìyẹn.

Ọmọ mi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ ni, eruku bo pápá débi pé n ò rí òpó gólì kejì dáadáa. Bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ níwájú ilé wa, wọ́n gbá a wọlé. Bàbá kan pòṣé lẹ́yìn mi. Kí n tó mọ̀, mo ti pè é jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fa ọrùn jẹsí bo ẹnu, ó ń jẹ etí aṣọ náà bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. N ò yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Nínú mọ́tò, láti Dutse Alhaji títí a fi dé géètì wa, mò ń ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó fi ẹsẹ̀ òsì dá bọ́ọ̀lù náà dúró. Kò fèsì. A délé, mò ń tú okùn bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ní kíṣíìnì: "Mọ́mì, ṣé Kóòṣì máa jẹun pẹ̀lú wa ni?"

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, mo máa ń bọ́ fèrè lọ́rùn, mo máa ń jù ú sínú àpò bọ́ọ̀lù, mo sì máa ń fa síìpù àpò náà lójú ọmọ mi. Bí síìpù bá ti pa dé, n ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́, àfi tí òun bá dá a sílẹ̀. Nínú mọ́tò tàbí nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. A máa ń yà ra masa lọ́wọ́ ìyá Hausa kan lójú títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kankan sí mi. Lọ́sẹ̀ kẹrin, masa ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ní, "Dádì, ṣé ẹ rí páàsì tí mo fún Ibrahim?"

Ẹ wá ẹlòmíràn tí á máa tọ́ Tóbi sọ́nà lórí pápá. Kò ṣòro ní Kubwa. Ibi tí kọ́pà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ọ̀kan tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tí kò sì ní nǹkan ṣe láàárọ̀ Sátidé. Ohun tí ẹ bá rí lára Tóbi, ẹ sọ fún kọ́pà, kí kọ́pà sọ fún Tóbi. Àtúnṣe kan náà tó ń bí i nínú bó bá ti ẹnu yín jáde, á gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àmọ́ ẹ má fi kọ́pà tàbí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ọmọ olọ́mọ. Kí àgbàlagbà méjì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀yin náà wà lára òfin yẹn.

Ẹ ò béèrè àwọn tó kù yìí, n ó sáré sọ wọ́n. Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 4 ni ti ọjọ́ orí wọn. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 5 lẹ ń lò, ẹ má bá ọmọ wí pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kò lágbára. Ẹ má kọ́ wọn ní fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Láti 2015 ni àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀, ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì sọ ní 2020 pé kí wọ́n má fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà ìdánrawò. Bí oṣù Kẹta bá wọlé, ẹ ti parí kí oòrùn tó mú. Kí ẹ sì bi òbí kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ bóyá ọmọ ẹ̀ ní ikọ́ fée tàbí fọ̀níkú-fọ̀ladìde, nítorí òtútù ọyẹ́ lè dá méjèèjì sílẹ̀, òùngbẹ náà sì lè dá fọ̀níkú-fọ̀ladìde sílẹ̀.

Ó ku Tóbi fúnra ẹ̀. Lálẹ́ òní, tí kò bá sí fèrè lọ́rùn yín, ẹ bi í: "Ṣé o ṣì fẹ́ kí n máa kọ́ yín?" Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ dákẹ́ kó ronú. Bó bá ní rárá, ẹ fún kọ́pà ní fèrè, kí ẹ̀yin máa gbé omi. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un ní ìwé àti bírò lálẹ́ Fráídè kó bá yín fa ìlà rẹ̀. Ẹ tún kọ sí mi lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, mo fẹ́ gbọ́ bí ìyá aláago ṣe ń ṣe sí.